Ẹ Má Fi Javel Tàn Wá Jẹ

Ọ̀rọ̀ omi kànga la bá wá.

Wọ́n pe ìpàdé lórí ẹ̀. Ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì ìjọba dìde, ó ní: "Ẹ sè é, ẹ fi javel sí i, ó parí." Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Àwa ò pàtẹ́wọ́. A ti ṣiṣẹ́ ìjọba títí a fi fẹ̀yìn tì, a mọ irú ìdáhùn tí wọ́n máa ń fún ará ìlú kí ìpàdé lè tètè tú.

Ohun tí à ń bẹ̀rù nínú kànga etí ọ̀sà ni òjé, plomb inú bátìrì mọ́tò yẹn, àti cadmium. Javel ń pa kòkòrò, òótọ́ ni. Òjé kì í ṣe kòkòrò, kò ní ẹ̀mí tí ẹ fẹ́ gbà. Bí ẹ bá sì sè é, omi ló ń di ooru lọ, òjé jókòó sínú ìkòkò. Èyí tó kù wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ ò lè fojú rí i, kò ní òórùn. Ẹni tó ní "omi tiwa mọ́ gaara", kò tíì sọ nǹkan kan.

Ní 1885 làwọn Faransé la ọ̀nà omi láti adágún Nokoué dé òkun. Gbogbo wa la mọ ohun tó ń wọ inú ẹ̀ lónìí: ìdọ̀tí ọjà Dantokpa, bátìrì tó ti kú, epo dúdú àwọn mẹkaníìkì. Àwọn onímọ̀ yẹ ẹrẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n rí òjé àti cadmium níbẹ̀. Ilẹ̀ wa sì rèé, yanrìn lásán. Nígbà òjò, ẹ gbẹ́ ẹ díẹ̀, ẹ ti kan omi. Kí ló fẹ́ sẹ́ májèlé náà?

Ẹ̀yin olórí àdúgbò, ẹ má bínú. Ojú yín ni wọ́n ṣe fi ìdọ̀tí dí àbàtà, tí wọ́n gé e ní pàsẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n tà á. Wọ́n kọ́lé lé e, wọ́n gbẹ́ kànga sí i. Kànga láàárín àkìtàn! Àwa náà wà lára àwọn tó rà á, a ò ní purọ́.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní òjé kò gbọdọ̀ ju 10 míkrógíráàmù lọ nínú lítà omi mímu kan, cadmium, 3. Ọpọlọ ọmọdé ni òjé ń bà jẹ́. Ọmọ ò wá gbọ́ ẹ̀kọ́ mọ́, à ń pè é ní olódo, à ń nà án.

Òfin ńlá orílẹ̀-èdè wa ti 1990, ní abala 27, fún olúkúlùkù lẹ́tọ̀ọ́ sí àyíká tó dára. A ò tọrọ báárà. Kí wọ́n yẹ kànga wa wò fún òjé àti cadmium, kó má jẹ́ kòkòrò nìkan. Kí wọ́n ka èsì ẹ̀ ní Yorùbá, ní Gùn àti ní Fọ̀n, ní gbangba. Kí ẹnikẹ́ni má sì dí kànga tálákà kí omi ẹ̀rọ tó dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀, ní iye tí apá ẹ̀ ká.

A ti kọ ìwé pe ọ̀gá yẹn sí ìpàdé wa tó ń bọ̀. A ó bu omi kànga etí ọ̀sà sínú ìgò, a ó sè é, a ó fi javel sí i bó ṣe wí. Ife tirẹ̀ ti wà nílẹ̀.