Ẹ Má Tíì Da Kọ̀ǹpútà Ẹgbẹ́ Nù

 

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a ó jókòó lé lórí ní ìpàdé tí ń bọ̀. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni ó wà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ wa ní Láfẹ́nwá. Ẹni tí ó wá yẹ̀ wọ́n wò sọ pé wọ́n ti kú, pé kí a ra tuntun. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ti fara mọ́ ọn. Èmi kò fara mọ́ ọn, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ kí akápò wa tó fi ọwọ́ kan owó yín.

Kí ni ó pa wọ́n? Kò sí ohun tí ó jóná nínú wọn. Windows 10 ni ó ń darí wọn, ilé iṣẹ́ Microsoft sì kéde pé ìtọ́jú rẹ̀ parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Windows 11 tí ó rọ́pò rẹ̀ ń béèrè mẹ́mórì 4 gígábáìtì ó kéré tán, àyè ìpamọ́ 64 gígábáìtì, àti ẹ̀yà ààbò kan tí a ń pè ní TPM 2.0. Ẹ̀rọ tí kò bá ní in, wọ́n á dá a padà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin awakọ̀, bí ẹnì kan bá dìde lónìí pé mọ́tò tí kò bá ní irú iná báyìí kò gbọdọ̀ gba afárá Láfẹ́nwá kọjá mọ́, ṣé ẹ́ńjìnnì mọ́tò yín ni ó kú?

Ohun mìíràn wà tí ó ń darí kọ̀ǹpútà, Linux ni orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe àgbọ́sọ ni mo ń sọ. Mo ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ kan fún ọmọ mi obìnrin, mẹ́mórì rẹ̀ kò ju 2 gígábáìtì lọ. Bí a bá tàn án láàárọ̀, a lè bọ́jú, kí a mu ẹ̀kọ, kí ó tó jí. Ọmọkùnrin kan tí ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá ojú irin gbé Linux sórí fúláàṣì fún mi. Mo kọ́kọ́ gbìyànjú Ubuntu, ó wúwo jù fún un. Mo gbìyànjú Linux Mint, ó rìn díẹ̀. Antix ni mo gbé kà á lẹ́yìn, ẹ̀rọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bí ẹni tí a sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo jẹ gbèsè rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, mo tẹ ibi tí kò yẹ, mo sì pa gbogbo ìwé tí ọmọ náà ti kọ fún ìdánwò rẹ́. Ó sunkún, ìyá rẹ̀ kò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ìgbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́ ni mo tó gbọ́ pé èèyàn lè dán Linux wò láti orí fúláàṣì láìfọwọ́kan ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ. Ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n.

Ta ni ó ni Linux? Ọdún 1991 ni Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 ní Helsinki ní orílẹ̀-èdè Finland, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, ní 1983, Richard Stallman ní Amẹ́ríkà ti kéde iṣẹ́ GNU, ó sì gbé òfin kan kalẹ̀ lẹ́yìn náà: ẹnikẹ́ni lè lò ó, kí ó tú u wò, kí ó tún un ṣe, kí ó sì pín in, ṣùgbọ́n bí o bá pín èyí tí o tún ṣe, o gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹlòmíràn rí inú rẹ̀ bí ìwọ náà ṣe rí i. Torvalds gbé Linux sábẹ́ òfin yìí. Àwa tí a mọ àáró àti ọ̀wẹ̀ kò gbọdọ̀ ka èyí sí àjèjì. Kì í sì í ṣe pé ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ilé iṣẹ́ ńlá ń san owó oṣù fún.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí oríṣi rẹ̀ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà wa rántí bọ̀lẹ́kájà. Láti ìlú òyìnbó ni ẹ́ńjìnnì Bedford ti ń wá, àwọn káfíńtà wa níbí ni wọ́n sì ń kan bọ́dì igi lé e. Ẹ́ńjìnnì kan náà, bọ́dì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Debian ti 1993, bẹ́ẹ̀ ni Ubuntu tí Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, gbé jáde ní 2004. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ohun ọ̀fẹ́ kò níyì, ẹ rán an létí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà yìí ní 2007. A fẹ́ ra kọ̀ǹpútà kékeré 17,000 fún àwọn ilé ẹ̀kọ́, Linux tí a ń pè ní Mandriva ni yóò sì wà nínú wọn. Nígbà tí ó yá, wọ́n ní Windows ni a ó fi rọ́pò rẹ̀. Ọ̀gá Mandriva, François Bancilhon, kọ lẹ́tà gbangba sí Steve Ballmer ti Microsoft láti bi í léèrè ohun tí ó ṣe. Ìròyìn jáde pé 400,000 dọ́là ni Microsoft ń dúnàádúrà láti san fún ẹni tí ń kó ẹ̀rọ náà wá. Àjọ ìjọba tí owó rẹ̀ wà níbẹ̀ sì sọ pé Linux ni òun ṣì ń fẹ́. Ta ni yóò náwó tó bẹ́ẹ̀ nítorí ohun tí kò wúlò?

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kejì pẹ̀lú. Ní 2005, àjọ Basel Action Network ròyìn pé nǹkan bí 500 kọntéínà ẹrù iná mànàmáná àlòkù ní ń wọ Èkó lóṣooṣù, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sì ṣeé tún ṣe. Ilẹ̀ wa ni pàǹtí náà ń kún. Bí àwa náà bá tún da èyí tí ó ṣì dára nù, a ń bá wọn ṣe é ni.

N kò ní fi àṣìṣe pamọ́ fún yín. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mìíràn máa ń bá Linux jà. LibreOffice ń ṣí ìwé ìṣirò owó oṣù tí ọ́fíìsì agbanisíṣẹ́ ń fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ìlà rẹ̀ a máa yẹ̀ nígbà mìíràn. Nítorí náà, èyí ni àbá mi.

Kí a kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ìwé owó ẹgbẹ́ sórí fúláàṣì méjì. Kí akọ̀wé mú ọ̀kan, kí akápò mú èkejì. Ẹ rántí pé ayédèrú Windows ni a lò nígbà kan tí fáìrọ́ọ̀sì fi jẹ ìwé owó oṣù mẹ́rin, tí àwọn tí wọ́n ti san owó fi di onígbèsè. Kí a gbé Linux sórí kọ̀ǹpútà méjì, kí a fi ẹ̀kẹta sílẹ̀ bí ó ti wà fún oṣù méjì, láìso ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Kí a ra mẹ́mórì díẹ̀ péré. Kí a sì yan ọ̀dọ́ mẹ́ta nínú ẹgbẹ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí yóò kọ́ iṣẹ́ yìí ní ọjọ́ Sátidé, kí ó má bàa jẹ́ pé èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n. Bí oṣù méjì bá pé tí kò ṣiṣẹ́, èmi fúnra mi ni n ó dìde dábàá pé kí a ra tuntun.

Ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ni mo ti kọ́ ìwé tí mo mọ̀. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ tí kò mọ inú irinṣẹ́ rẹ̀, ohun tí ẹni tí ó tà á bá sọ ni yóò máa gbà. Ẹ wá sí ìpàdé, kí ẹ sì dìbò.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa.