Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́



Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí. Iná dé ní ìrọ̀lẹ́, a pariwo "Up NEPA!" Láti ọdún 2005 ni NEPA ti kógbá sílé, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu wa. A sáré tan áyọ́ọ̀nù, a gbé ìkòkò ka sítóòfù oníná. Kò pẹ́, tíránsífọ́mà dún gbàù, òkùnkùn padà dé, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn oníná. N kò sọ pé wọn kì í jẹ̀bi. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwa náà ń pa tíránsífọ́mà, nítorí a kì í ṣírò ohun tó lè gbé kí a tó di ẹrù rù ú.

Ìṣirò náà kò le. Wọ́n kọ agbára tíránsífọ́mà sí ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú èyí tí wọ́n kọ 500 kVA sí. Ẹ fi 415, tí í ṣe fóòtì tó ń gbé jáde, pín 500,000. Ẹ tún fi 1.732 pín èsì rẹ̀, nítorí pé láìnì mẹ́ta ló ní. Ohun tí ẹ ó rí ni nǹkan bí áńpíà 695 lórí láìnì kọ̀ọ̀kan. Yàrá tó bá tan áyọ́ọ̀nù wáàtì 1,000 àti sítóòfù wáàtì 2,000 pọ̀ ń fa áńpíà méjìlá àti ààbọ̀. Yàrá 55 péré ti gba láìnì kan tán, a kò sì tí ì ka fáànù àti fìríìjì.

Iye 695 yẹn gan-an kò ṣeé lò tán. Ìlànà IEC, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń tẹ̀ lé, gbé ìṣirò rẹ̀ lé afẹ́fẹ́ tí ooru rẹ̀ kò ju 40°C lọ, tí àròpín rẹ̀ láàrin ọdún kò sì ju 20°C lọ, àfi bí ẹni tó ra ẹ̀rọ bá béèrè ohun mìíràn. Ta ló rí 20 ní Lọ́kọ́jà? Bébà tí wọ́n fi wé wáyà inú ẹ̀rọ ni ooru ń bá jà. Bí ibi tó gbóná jù nínú rẹ̀ bá ti kọjá 98°C, ìwọ̀n 6 kọ̀ọ̀kan tó bá lé sí i ń mú kí bébà yára gbó ní ìlọ́po méjì. Nítorí náà ni ẹ̀rọ fi lè gba ìyà mọ́ra fún oṣù púpọ̀, kó wá kú lọ́jọ́ tí a kò retí. Àbá tèmi ni pé ká má kọjá 550.

Èyí tó burú jù ni àṣà yíyí láìnì. Bí iná láìnì kan bá ń ṣẹ́jú, gbogbo ilé a pe oníṣẹ́ iná kó gbé wọn sí èyí tó dára. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, láìnì kan ṣoṣo ti ń ru ẹrù mẹ́ta. Bí fíúsì, tí í ṣe olùṣọ́ ẹ̀rọ, bá sì já, àwọn kan a fi wáyà nípọn rọ́pò rẹ̀. Kí ló kù tí yóò jó, bí kò ṣe tíránsífọ́mà?

Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí àwa tí a ń gbé ní Adankolo, Felele àti Lokongoma ka iye yàrá tó wà lórí láìnì kọ̀ọ̀kan. Kí a ní kí oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ wọn iná náà ní aago mẹ́jọ alẹ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan má fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Kí a máa lọ aṣọ ní ìdákúrekú, kí ẹnikẹ́ni má sì yí láìnì láìsọ fún ará àdúgbò. Bí a bá sì fẹ́ dáwó ra tíránsífọ́mà tuntun, kí a ṣírò ẹrù wa ná kí a tó dárúkọ owó. Bí a bá ra tuntun tí ìwà wa kò yí padà, gbàù náà ni yóò tún dún.