KÌ Í ṢE GBOGBO OMI NI ÈṢÙ Ń DÀ

Ọ̀rọ̀ tòní lè má dùn létí, ṣùgbọ́n a ó sọ ọ́.

Bí òjò bá ti rọ̀ ní Kàbà báyìí, ìpè á bẹ̀rẹ̀: "Pásítọ̀, ẹ bá wa gbàdúrà, omi tún ti wọlé." A ó gbàdúrà. Àmọ́, níbo lomi ọ̀hún ti wá? Ẹni tó kọ́lé sápá òkè ti da kọnkéré bo gbogbo ọgbà rẹ̀ títí dé géètì, ó sì mú un dàgẹ̀rẹ̀ síta. Ilẹ̀ tó ń mu omi tẹ́lẹ̀ kò rí i mu mọ́. Omi á gba ẹnu géètì jáde, ó di yàrá aládùúgbò tó wà nísàlẹ̀. Èṣù wo lẹ wá ń lé?

Ẹ ní ọwọ́ Ọlọ́run lòjò wà? Bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí omi Odò Ọya àti Benue bo ọ̀pọ̀ ilé ní Lọ́kọ́ja lọ́dún 2022, kò sí gọ́tà ilé kan tó lè dá a dúró. Ṣùgbọ́n omi orí kọnkéré yín kì í ṣe Odò Ọya! Yín ni.

Ẹ jẹ́ kí bíríkìlà gbẹ́ gọ́tà dábùú ẹnu géètì, nínú ilẹ̀ yín. Kó da kọnkéré sísàlẹ̀, kó to búlọ́ọ̀kù sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó sì rẹ́ ẹ dáadáa. Kó dàgẹ̀rẹ̀, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 1 nínú mítà 1. Etí rẹ̀ kò gbọdọ̀ yọ ju ilẹ̀ lọ, kómi má baà ṣẹ́rí padà. Ẹ darí rẹ̀ sí gọ́tà àdúgbò tàbí sọ́kàwéè tirẹ̀, kì í ṣe sára ògiri ẹlòmíì.

Ẹ bò ó o! Kí wẹ́dà ṣe irin tó lè gbé mọ́tò, tó sì ṣeé ṣí láti kó iyanrìn. Ẹ́kísódù 21 ti sọ ọ́: ẹni tó gbẹ́ kòtò tí kò bò ó, tí ẹran ọ̀sìn bá kó sí i, òun ni yóò san án. Diutarónómì 22 náà ní kí ẹni tó kọ́lé tuntun ṣe ìgbátí yí òrùlé ká, kẹ́nikẹ́ni má baà já bọ́. Ṣé ẹ rí i pé Ọlọ́run ń wo bá a ṣe ń kọ́lé?

Ẹ rówó ra géètì ńlá, ẹ ò rówó gbẹ́ gọ́tà. Ẹ pe aládùúgbò wá jẹ ìrẹsì ìṣílé, ẹ tún fi omi lé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Hàbà! Ìfẹ́ ọmọnìkejì dà?

Ilé ìjọsìn tó da kọnkéré sọ́gbà kò yọ sílẹ̀ o. Àwa pásítọ̀ ló yẹ kó ṣáájú.

Láti ìsinsìnyí lọ, ká tó gbàdúrà ìyàsímímọ́ sórí ilé ẹnikẹ́ni, a ó kọ́kọ́ béèrè: omi ilé yìí, ibo ló ń lọ?

Ẹ bá wa pín in dọ́dọ̀ gbogbo onílé.