Adìẹ Ń Làágùn

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ẹni tó fi aṣọ àti ẹ̀rín bo ìnira rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ará ilé fi rò pé ara dẹ̀ ẹ́, la máa ń pa á fún. Ẹ jẹ́ ká gbé òwe náà padà sọ́dọ̀ adìẹ fúnra rẹ̀, ní Minneapolis ní Amẹ́ríkà, níbi tí òtútù ti já wálẹ̀ dé -33°C ní ọjọ́ 30 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, tí àwọn èèyàn sì ń sin adìẹ lẹ́yìnkùlé síbẹ̀.

Ẹni tí àánú adìẹ bá ń ṣe á fẹ́ dí gbogbo ihò ilé wọn pa, á sì so gílóòbù iná kọ́ síbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Òtútù nìkan kì í tètè pa adìẹ tó yó: ara rẹ̀ gbóná tó 41°C, bó bá sì fẹ ìyẹ́ rẹ̀, ooru á há sáàárín wọn. Òógùn tó fara sin níhìn-ín, inú èémí àti ìgbẹ́ rẹ̀ ló ti ń wá. Nínú ilé tí a dí pa, ọ̀rinrin yẹn á kún ibẹ̀ mọ́jú, á bà lé ogbe wọn, á sì dì. Lówùúrọ̀, ṣóńṣó ogbe á ti funfun. Tó bá yá, á dúdú, á já dànù. Gílóòbù ní tirẹ̀, orí koríko gbígbẹ ló máa ń já sí, iná dé nìyẹn.

Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa gba ihò tó ga ju orí àwọn adìẹ lọ jáde. Pákó pẹlẹbẹ ni kí wọ́n máa wọ̀ sí, kí wọ́n lè fi igẹ̀ bo ìka ẹsẹ̀ wọn. Ní Oka ní Quebec, Wilfrid Châtelain, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn Kátólíìkì, gba ọ̀nà mìíràn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá: ó da oríṣiríṣi adìẹ pọ̀ títí ó fi rí Chantecler, tí ogbe rẹ̀ kéré, tó lẹ̀ mọ́ orí. Mo kan sáárá sí i. Ogbe tí ìyẹ́ kò lè bò ló kọ́kọ́ rò.

Èyí tí ìyẹ́ bò ńkọ́? Ọwọ́ la fi ń wá a. Nígbà òtútù, gbogbo adìẹ ló máa ń dà bí ẹni tó sanra. Ẹ gbé wọn níkọ̀ọ̀kan lálẹ́ tí wọ́n bá ti wọ̀, kí ẹ fi ìka wá egungun igẹ̀. Èyí tí tirẹ̀ bá mú bí ọ̀bẹ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn yòókù ń lé e nídìí oúnjẹ. Kí abọ́ tirẹ̀ ti wà lọ́tọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.