Ẹ Fi Ẹ̀jẹ̀ Ìdílé Sílẹ̀, Ẹ Wo Inú Ife

Ó sú mi. Bí jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun bá pa ọkùnrin kan ní Pírà, nílẹ̀ Benin wa níhìn-ín, lẹ́yìn tí iyán kò gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá mọ́, tí ẹ̀kọ náà tún kọ̀, tí omi pàápàá wá di ìjàkadì, a kì í tíì sin ín tán tí ẹnìkan yóò fi ní: "Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Òun náà ló pa bàbá rẹ̀." Gbogbo èèyàn á mi orí, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé ní Sàvàlú àti Kútọnu tún ti bá wọn wá orúkọ tuntun fún un: wọ́n ní àbùdá ni, àjogúnbá ni, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i.

Irọ́ ni, ó sì ń pa èèyàn.

Pé ohun tí a jogún lè dá kún jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun, n kò jiyàn. Ní 1958, dókítà Howel-Evans àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa ìdílé méjì ní Liverpool, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn kan nínú wọn máa ń nípọn láti kékeré. Jẹjẹrẹ yìí ló ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó jogún awọ náà. Ó di 2012 kí wọ́n tó rí àbùdá tó ń fà á, RHBDF2. Irú ìdílé bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ ní gbogbo ayé. Ta ló rí irú àtẹ́lẹwọ́ yẹn ní Pírà? N kò sọ èyí tí ọkọ́ ń fà o.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí nìyí: ẹ jẹ́ ká wo àwọn tí wọ́n kó ẹ̀jẹ̀ wa ré kọjá òkun. Ní 1860, ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Clotilda kó èèyàn ní Wídà, ó kó wọn lọ sí Alabama ní Amẹ́ríkà, nígbà tí òfin ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀ tipẹ́. Kọ́sọ́lá wà nínú wọn, ẹni tí wọ́n wá ń pè ní Cudjo Lewis. Onímọ̀ ìtàn Sylviane Diouf tọpa rẹ̀ dé agbègbè Bàǹtẹ̀ wa yìí, ó ní ọmọ Yorùbá Ìṣà ni. Ẹ̀jẹ̀ tiwa ló gbé lọ. Àwọn aláwọ̀ dúdú yòókù níbẹ̀ náà, etíkun Áfíríkà ni wọ́n ti kó àwọn baba ńlá wọn.

Ní bí ogójì ọdún sẹ́yìn, irú jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun tó wọ́pọ̀ jù nílẹ̀ Áfíríkà ń mú àwọn ọkùnrin dúdú Amẹ́ríkà ju ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn òyìnbó ibẹ̀ lọ. Mo mọ ohun tí àwọn ẹlẹ́jẹ̀ yóò sọ: ẹ ò rí i bí? Ó dáa, ẹ dúró kí n parí rẹ̀. Láti ìgbà náà, iye àwọn ọkùnrin dúdú tí àrùn náà ń mú ti já wálẹ̀ ju ìdajì lọ. Ṣé wọ́n bọ́ ẹ̀jẹ̀ baba wọn sílẹ̀ bí ẹni bọ́ ẹ̀wù ni? Ọmọ ẹni tó kú ṣì ń gbé ohun tó jogún kiri. Sìgá ló dínkù lẹ́nu wọn. Ní 2001, àwọn olùwádìí àjọ National Cancer Institute ti Amẹ́ríkà gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò lára ọkùnrin dúdú àti funfun. Ọtí, tábà, àìjẹ èso àti ẹ̀fọ́ tó, àti òṣì: àwọn ohun wọ̀nyí ló wà nídìí irú jẹjẹrẹ yìí, ó kù díẹ̀ kó jẹ́ gbogbo rẹ̀, lára dúdú àti lára funfun.

Ẹ tún fẹ́ gbọ́ ti àbùdá? Bí ọtí bá wọnú ara, ara á kọ́kọ́ sọ ọ́ di májèlé kan, asetaldéhaìdì, kó tó sọ májèlé náà di ohun tí kò léwu. Bí ẹni mẹ́rin nínú mẹ́wàá ní Japan ló jogún irú àbùdá ALDH2 kan tí kò mọ iṣẹ́ kejì yẹn ṣe dáadáa. Ojú wọn á pọ́n bí wọ́n bá mutí, májèlé náà á pẹ́ lára wọn, bí wọ́n bá sì ń mu ún lọ, ewu jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun á ga sókè fíofío. Ṣùgbọ́n àwọn tó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ baba àti lọ́dọ̀ ìyá, tí ara wọn kò gba ọtí rárá, kì í mu ún. Jẹjẹrẹ yìí kì í sì í mú wọn tó àwọn ará ilé wọn tó ń mu. Àwọn tó jogún jù, àwọn ló bọ́! Àwa níhìn-ín kò tilẹ̀ ní irú ALDH2 bẹ́ẹ̀.

"Òun náà ló pa bàbá rẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá yẹn náà mu ọtí sódábì láàárọ̀ kó tó lọ sóko, ó mu ún lálẹ́, ó sì ń fa tábà lé e. Òun ló rán ọmọ lọ ra ìgò, òun ló fi ọmọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ní kó tọ́ ọ wò kó lè di ọkùnrin. Ẹ̀jẹ̀ kan náà, ife kan náà, ẹ̀yin ò sì rí ju ẹ̀jẹ̀ lọ! Ìgò sódábì wà níwájú yín lọ́jọ́ ìsìnkú náà gan-an, ẹ ń bu u fún àwọn ọmọ òkú, ẹ sì ń sọ fún wọn pé ikú ti wà lára wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn. Kí ni ẹ fẹ́ kí ọmọ náà ṣe bí kò ṣe kó máa mu lọ?

Wọ́n ní àwọn mọ arúgbó tó mu ún títí di àádọ́rùn-ún ọdún. Àwọn kan náà ti gun ọ̀kadà zémìjáàn láìdé àṣíborí títí wọ́n fi hu ewú. Wọ́n ní obìnrin tí kò mutí náà ń kú sí i: òótọ́ ni, ohun mímu tó gbóná ju ìwọ̀n 65 ti Celsius lọ wà lára ohun tí IARC, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lágbàáyé, fura sí ní 2016, kò sì kan ẹ̀jẹ̀.

Ẹni tí iyán bá ń há lọ́fun ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kó má dúró títí omi náà yóò fi máa há a. Kó wá dókítà tí yóò fi ẹ̀rọ wo inú ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, torí bí wọ́n bá tètè rí i, wọ́n lè rí nǹkan ṣe sí i. Ẹni tó sì ń ṣèwádìí ìdílé kó tó gbé ìyàwó, kó fẹ́ ọmọbìnrin ilé tí ẹ ń sá fún nítorí àrùn yìí. Bí ó bá jẹ́ dandan kó bèèrè nǹkan, kó bèèrè iye ìgò sódábì tí àwọn arákùnrin rẹ̀ ń mu lọ́sẹ̀.