Ilé Ni Dùùrù Ti Ń Yé Ọmọ

Ẹ̀yin ará wa, ọmọ Yorùbá tí ń gbé Òkè Ọya, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ àwa tí a ń ṣe àkóso kíláàsì dùùrù ẹ̀ka wa lọ́kàn, a sì rò pé ó tó àkókò kí a sọ ọ́ ní gbangba nínú ìwé ìròyìn yìí, kí ó má baà di ohun tí a ń sọ lẹ́yìn ara wa. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn rárá. Àwọn ọmọ wa ń wá sí kíláàsì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fi ọwọ́ kan dùùrù nílé títí ọ̀sẹ̀ mìíràn yóò fi dé.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Iṣẹ́jú 30 ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ń lò pẹ̀lú tíṣà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Wákàtí 168 ni ó sì wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Bí ọmọ náà kò bá tẹ ohunkóhun nínú wákàtí 167 àti ààbọ̀ tí ó kù, kí ni tíṣà yóò rí bá a ṣe nígbà tí ó bá padà dé? Ohun tí wọ́n kọ́ lọ́sẹ̀ tí ó kọjá ni wọn yóò tún bẹ̀rẹ̀. Báyìí ni orin oní-ìlà mẹ́rin ṣe ń gba oṣù mẹ́ta. Nígbẹ̀yìn, bàbá ọmọ yóò wí pé tíṣà kò mọ iṣẹ́, tíṣà yóò wí pé ọmọ ya ọ̀lẹ, ọmọ fúnra rẹ̀ yóò sì wí pé òun kò ní ẹ̀bùn. Ní tiwa, a kò gba ẹjọ́ ọ̀kankan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iṣẹ́ náà kò tí ì ṣẹlẹ̀ níbi tí ó yẹ kí ó ti ṣẹlẹ̀ ni, ibẹ̀ sì ni ilé. Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe eré. Àwọn atẹdùùrù tí ó wà nínú àwọn ìjọ wa níhìn-ín ti ń darúgbó, àwọn mìíràn sì ti ń múra àtilọ sílé. Ta ni yóò jókòó sí àga wọn? Yàtọ̀ sí èyí, owó ẹgbẹ́ ni a fi ń san owó oṣù tíṣà. Ní ìpàdé tí ó kọjá, àwọn kan ti béèrè pé kí a pa kíláàsì náà tì, kí a fi owó rẹ̀ tún òrùlé gbọ̀ngàn wa ṣe. Ẹni tí ó béèrè bẹ́ẹ̀ kò jẹ̀bi, nítorí owó ẹgbẹ́ kì í ṣe omi òjò. Bí a kò bá rí èso kíláàsì náà, kò sí ohun tí a lè fi gbèjà rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wí pé ohun rere kan kò lè ti àárín àwa tí a wà lájò jáde. Ìlú Jos, ní Òkè Ọya níhìn-ín, ni a bí Ayọ̀ Bánkọ́lé sí ní 1935. Atẹdùùrù ìjọ ni bàbá rẹ̀ nínú ìlú náà. Ọmọ yìí lọ sí Èkó, ó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Ẹkúndayọ̀ Phillips, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá olórin ní Kàtídírà Krístì ní Èkó láti 1914 títí di 1962. Ní 1957 ó lọ kọ́ orin ní London, ó sì dé Yunifásítì Cambridge lẹ́yìn náà. Kí ó tó kú ní 1976, ó ti kọ orin dùùrù àti orin ẹgbẹ́ akọrin tí a ṣì ń kọ títí di òní. Ẹ wo Akin Euba pẹ̀lú, tí a bí ní Èkó ní 1935 kan náà, tí ó sì kú ní 2020. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ nílé ni ó ti kọ́kọ́ kọ́ dùùrù, kí ó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n tí ayé ń wárí fún. Ilé ni ìtàn àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan a máa wí pé nǹkan òyìnbó ni dùùrù. A gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ ọ kò ṣàjèjì sí wa. Ẹ wo ilé àwọn Àyàn. Ọmọ wọn kì í dédé gbé ìyáàlù kọ́ èjìká. Ìlù kékeré ni ó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ó ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sí òde, etí rẹ̀ ń gbọ́ lójoojúmọ́, ọwọ́ rẹ̀ ń lù lójoojúmọ́. A kò gbọ́ ọ rí pé a rán ọmọ Àyàn lọ kọ́ ìlù fún ààbọ̀ wákàtí lọ́sẹ̀, kí ó sì padà di àgbà onílù. Èdè wa gan-an pàápàá, dò, re, mí ni a fi ń kọ́ ọmọ ní ohùn rẹ̀ ní ilé-ìwé. Ọmọ tí ń sọ Hausa ní àdúgbò, tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì, bí ó bá ń fi ìka wá dò, re, mí lórí dùùrù, ó ń la etí rẹ̀ sí ohùn èdè bàbá rẹ̀ pẹ̀lú.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí a ní rèé.

Èkíní, ẹ yan àkókò kan fún ọmọ, kí ẹ má sì yí i padà. Iṣẹ́jú 20 lóòjọ́ tó. Ní ọjọ́ mẹ́fà, ó di wákàtí 2. Ẹ má ṣe rò pé wákàtí 2 tí a kó jọ sí alẹ́ ọjọ́ Ẹtì yóò ṣe iṣẹ́ kan náà. Ohun tí ọmọ bá kọ́ lónìí, tí ó sùn lé lórí, tí ó tún tẹ̀ lọ́la, ni ó ń wọ̀ ọ́ lára. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Ẹ so àkókò náà mọ́ ohun tí kò ṣeé gbàgbé, bí ìgbà tí ọmọ bá ti ilé-ìwé dé tí ó sì jẹun tán.

Èkejì, ẹ kíyè sí bí ó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ a bẹ̀rẹ̀ láti orí orin, wọn a tẹ̀ ẹ́ títí wọn yóò fi ṣìnà, wọn a sì padà sí orí. Ìlà kìíní a dùn bí oyin, ìlà kẹrin a dà bí ìrìn ẹni tí ó sọnù nínú igbó. Kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ láti ìlà tí ó le jù. Kí ó fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan tẹ̀ ẹ́, kí ó fi ọwọ́ òsì nìkan tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà kí ó pa méjèèjì pọ̀, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ó bá ti tẹ̀ ẹ́ dáadáa ní ìgbà mẹ́ta léra, kí ó lọ sí ìlà mìíràn.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ìyá àti bàbá, a kò ní kí ẹ mọ dùùrù. Ẹ jókòó tì í fún iṣẹ́jú márùn-ún péré. Ẹ bi í léèrè pé, "Èwo ni tíṣà fún ọ? Ibo ni ó le níbẹ̀?" Ọmọ tí ó rí i pé àgbà ń gbọ́ òun yóò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe rán an níṣẹ́ láàárín ogún ìṣẹ́jú náà. A sì bẹ̀ yín, ẹ gbé pàṣán jìnnà sí ìdí dùùrù. Pàṣán lè mú ọmọ jókòó, ṣùgbọ́n kò lè mú un fẹ́ràn ohun tí ó jókòó tì.

Ẹ̀kẹrin, ẹ tọ́jú ohun èlò náà. Kíì 88 ni ó wà lára píánò, 61 péré ni ó sì wà lára ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù tí a ń rà lọ́jà. Kíbọ́ọ̀dù dára fún ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bọ́tìnì kan wà lára rẹ̀ tí ń gbé ohùn orin sókè tàbí sílẹ̀ bí ìka kò tilẹ̀ kúrò lójú kan. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá bá a dàgbà yóò wá mọ ojú ọ̀nà kan ṣoṣo, lọ́jọ́ tí ó bá bá ara rẹ̀ nídìí dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, ojú yóò tì í. Ní ti píánò onígi, ọyẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀. Igi rẹ̀ a gbẹ, okùn rẹ̀ a dẹ̀, ohùn rẹ̀ a lọ sílẹ̀. Bí òjò bá dé, igi a tún wú, ohùn a tún gòkè. Ẹ gbé e kúrò lẹ́nu fèrèsé, ẹ bò ó nítorí eruku. Ṣùgbọ́n bíbò kò túmọ̀ sí títì. A ti rí dùùrù tí wọ́n tì pa ní pálọ̀, tí fọ́tò ìgbéyàwó wà lórí rẹ̀, tí ọmọ ilé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Àpótí lásán ni irú dùùrù bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí kò ní dùùrù nílé ń kọ́? Gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ yóò wà ní ṣíṣí láti aago mẹ́rin títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Àwa yóò kọ orúkọ àwọn ọmọ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, kí ìjà má baà wà.

A mọ ohun tí àwọn mìíràn yóò wí: "Ṣé orin ni ọmọ mi yóò jẹ? Dókítà ni mo fẹ́ kí ó dà." Kí ó di dókítà. Iṣẹ́jú 20 kò tó ohun tí ọmọ ń fi wo fóònù ní òwúrọ̀ kan. Ọmọ tí ó kọ́ láti jókòó ti ohun tí ó le, títí yóò fi rọ̀, ti kọ́ ohun tí dókítà pẹ̀lú nílò. Bí ó bá sì jẹ́ orin ni ó yàn, ọ̀nà wà. Wọ́n ń kọ́ orin gboyè ní Ifẹ̀ àti ní Nsukka, ẹgbẹ́ MUSON tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1983 sì ní ilé-ẹ̀kọ́ orin tirẹ̀.

Àwa náà ní iṣẹ́ tiwa. Tíṣà yóò máa fún ọmọ ní iṣẹ́ kékeré tí ó lè parí láàárín ọ̀sẹ̀, nínú orin tí etí rẹ̀ ti mọ̀. A ó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní káàdì, kí òbí máa fọwọ́ sí i fún ọjọ́ tí ọmọ bá tẹ dùùrù. Àwọn kan dá a lábàá pé kí a máa fi owó tàbí bisikíìtì ta àwọn ọmọ lọ́rẹ. A kò fara mọ́ ọn. Ọmọ tí ó bá ń tẹ dùùrù nítorí bisikíìtì yóò dúró lọ́jọ́ tí bisikíìtì bá tán. Ẹ̀san tí ó yẹ ẹni tí ó kọ orin ni kí àwọn ènìyàn gbọ́ ọ. Ọmọ tí káàdì rẹ̀ bá kún ni yóò tẹ dùùrù ní ìpàdé oṣooṣù wa, ìbáà jẹ́ ìlà mẹ́rin péré.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí ẹgbẹ́ ni kí ẹ fún kíláàsì yìí ní oṣù mẹ́ta sí i. Lẹ́yìn rẹ̀, kí àwọn ọmọ dìde níwájú ìpàdé, kí wọ́n tẹ ohun tí wọ́n mọ̀, kí ẹ sì dá ẹjọ́ láàárín dùùrù àti òrùlé. A ó gba ohunkóhun tí ẹ bá wí. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ náà kò sí lọ́wọ́ tíṣà nìkan, ó wà nínú ogún ìṣẹ́jú tí ẹ bá fún ọmọ yín ní ìrọ̀lẹ́ òní. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.