Ẹ Yọ Tẹ́tẹ́ Kọ́tà Kúrò Lórí Àtẹ

Ní ọjọ́ 20, oṣù Keje, ọdún 2021, Giannis Antetokounmpo, ọmọ tí wọ́n bí sí ìlú Athens fún bàbá tó jẹ́ Yorùbá, tí orúkọ ìdílé rẹ̀ gan-an jẹ́ Adétòkunbọ̀, nìkan jẹ póìǹtì 50. Milwaukee Bucks fi 105 sí 98 na Phoenix Suns, wọ́n sì gba ife-ẹ̀yẹ NBA, líìgì bọ́ọ̀lù agbọ̀n (basketball) Amẹ́ríkà, tí wọn kò rí gbà láti ọdún 1971. Èyí ni gbogbo ayé rántí. Bí kọ́tà eré náà, ìyẹn ìdá mẹ́rin tí wọ́n pín in sí, ṣe lọ ni ọ̀pọ̀ ti gbàgbé. Bucks fi 29 sí 16 gba ti àkọ́kọ́. Nígbà tó di ìkejì, Suns fi 31 sí 13 lù wọ́n bolẹ̀. Ẹgbẹ́ tó fi 13 ṣíwájú ni wọ́n fi 18 gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 12 tó tẹ̀ lé e. Ní ìkẹta, Giannis nìkan jẹ 20, àwọn méjèèjì sì wọ kọ́tà tó kẹ́yìn ní 77 sí 77.

Bẹ́ẹ̀, àwọn kan wà lórí Telegram àti WhatsApp tó ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́, tí wọ́n ní àwọn mọ ẹgbẹ́ tí yóò jẹ kọ́tà wo. Irọ́ ni wọ́n ń tà. Kò sí ọgbọ́n tó lè sọ tẹ́tẹ́ kọ́tà di òwò fún ẹni tó ń fowó lé e, ó sì yẹ kí òfin lé e kúrò lórí àtẹ àwọn ilé tẹ́tẹ́ pátápátá.

Kò sí ẹni tó ń du kọ́tà nínú pápá. Ìdí àkọ́kọ́ nìyẹn, òun ló sì wúwo jù. Ẹgbẹ́ tó bá jẹ kọ́tà kejì kò rí nǹkan kan gbà fún un. Eré odindi ni wọ́n ń kà. Bí ìràwọ̀ ẹgbẹ́ bá gba fáòlù méjì ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó mọṣẹ́ yóò fà á sórí bẹ́ńṣì, nítorí pé fáòlù kẹfà ni yóò lé e jáde, wọ́n sì nílò rẹ̀ ní ìparí. Ó mọ̀ pé kọ́tà yẹn lè bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó gbà kó bọ́. Ẹni tó fowó lé kọ́tà náà ní Ìbàdàn ti gbé owó rẹ̀ lé ohun tí akọ́nimọ̀ọ́gbá fi tọrẹ.

Ẹ tún wo ìṣẹ́jú àáyá tó kẹ́yìn kọ́tà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn agbábọ́ọ̀lù kan máa ń mọ̀ọ́mọ̀ di bọ́ọ̀lù mú títí fèrè yóò fi dún, kí jíjù láti ọ̀nà jíjìn tí kò wọlé má baà ba òǹkà wọn jẹ́. Ó burú débi pé NBA ní láti yí òfin padà fún sáà 2025 sí 2026: ẹni tó bá ju irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ ní ìparí kọ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́, tí kò sì wọlé, wọn kò ní kọ ọ́ sí i lọ́rùn mọ́. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo yẹn lè jẹ́ gbogbo ìyàtọ̀ nínú tíkẹ́ẹ̀tì èèyàn, bẹ́ẹ̀ ẹni tó mú un lọ́wọ́ kì í fẹ́ jù ú kí òfin yìí tó dé.

Ìgbà tí NBA fẹ́ kí àwọn agbábọ́ọ̀lù du kọ́tà lóòótọ́, owó ni wọ́n gbé kalẹ̀ fún un. Nínú eré àwọn ìràwọ̀ ní Chicago lóṣù Kejì ọdún 2020, kọ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ di ìdíje ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú 100,000 dọ́là fún iṣẹ́ àánú lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Eré tí wọ́n ń gbá ní alaalẹ́ kò ní irú ẹ̀.

Àwọn tó ń ta ọgbọ́n yóò wá mẹ́nu ba Golden State Warriors: "Kọ́tà kẹta ni tiwọn." Wọ́n ní ẹ̀rí tó dùn ún gbọ́. Ní ọjọ́ 23, oṣù Kìíní, ọdún 2015, Klay Thompson jẹ póìǹtì 37 ní kọ́tà kẹta kan ṣoṣo pẹ̀lú Sacramento, ó ju 13, gbogbo 13 ló wọlé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, nínú eré keje pẹ̀lú Houston Rockets, Warriors wà lẹ́yìn pẹ̀lú 43 sí 54 ní ìlàjì eré, wọ́n sì fi 33 sí 15 gba kọ́tà kẹta. Ṣùgbọ́n lálẹ́ yẹn kan náà, Rockets ju bọ́ọ̀lù oní-póìǹtì-mẹ́ta 27 léraléra láìsí ọ̀kan tó wọlé. Ta ló lè jókòó sílé kó ṣètò owó rẹ̀ lé èyíinì?

Ìṣirò tún wà níbẹ̀ tí kò ṣojú rere sí ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ tó bá fi póìǹtì mẹ́jọ dára ju èkejì lọ ní eré odindi kò fi ju méjì lọ ní kọ́tà kan. Agbára rẹ̀ ti pín sí mẹ́rin. Àmọ́ àwọn nǹkan àìròtẹ́lẹ̀, bọ́ọ̀lù tó gbá etí irin, fáòlù tí rẹfirí fọn tàbí tí kò fọn, kì í pín sí mẹ́rin. Bí ìdajì ló ń dín kù. Nítorí náà, bí àkókò bá ṣe kúrú tó ni ìmọ̀ yóò ṣe kéré tó. Òótọ́ ni pé àwọn àpẹẹrẹ kan wà: àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ kọ́tà kejì, fáòlù tí wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ní ìparí eré sì ń fi póìǹtì kún kọ́tà kẹrin. Ilé tẹ́tẹ́ ti mọ̀ ọ́n. Ó ti wà nínú odds, iye tí wọ́n ń san fún ẹni tó bá jẹ, kí ẹnikẹ́ni tó fi ránṣẹ́ lórí Telegram.

Èyí tó ń ba ayé èèyàn jẹ́ jù ni ọgbọ́n ìlọ́po. Wọ́n á ní kí èèyàn fi 1,000 náírà lé ẹgbẹ́ kan ní kọ́tà àkọ́kọ́. Bí kò bá wọlé, 2,000 ní ìkejì, 4,000 ní ìkẹta, 8,000 ní ìkẹrin, nítorí pé ẹgbẹ́ kan kò lè pàdánù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ká fi odds rẹ̀ sí 1.85. Ẹni tó jẹ ní àkọ́kọ́ yóò jèrè 850. Bó bá di ìkejì kó tó jẹ, èrè rẹ̀ di 700, ìkẹta, 400. Ẹni tó dé ìkẹrin tó sì jẹ yóò rí èrè 6,800 lórí 8,000 rẹ̀, ṣùgbọ́n 7,000 ti bá kọ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ. Ó jẹ, síbẹ̀ ó fi 200 náírà pàdánù. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá sì kọ̀, 15,000 ti lọ. Tí ọ̀rọ̀ bá rí ní ìdajì sí ìdajì, ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rìndínlógún ni ìyẹn yóò ṣẹlẹ̀, àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ sì ń gba 300 náírà lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó ní gbogbo ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀, bí a bá pín in dọ́gba. Kódà ẹni tó jẹ 54 nínú 100 ní odds yẹn kò tíì jèrè kọ́bọ̀.

Òru ni èyí ń ṣẹlẹ̀. Nígbà òtútù Amẹ́ríkà, nǹkan bí aago kan òru ní Èkó ni ọ̀pọ̀ eré ń bẹ̀rẹ̀, ti Los Angeles a sì di aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí. Láàárín kọ́tà kan sí èkejì, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni ọmọ tí oorun ń kùn ní láti fi pinnu bóyá kí òun sọ 4,000 di 8,000. Àwòrán tó ń wò lórí fóònù ń bọ̀ lẹ́yìn ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ní pápá. Sportradar, tó bá NBA tọwọ́ bọ̀wé ọlọ́dún mẹ́jọ ní 2021, ló ń kó òǹkà láti pápá fún àwọn ilé tẹ́tẹ́. Wọ́n ti mọ̀ kí ọmọ náà tó rí i.

Bẹ́ẹ̀ ni tẹ́tẹ́ lórí ègé eré rọrùn láti bàjẹ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, NBA fòfin de Jontay Porter ti Toronto Raptors títí láé. Ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹta ọdún yẹn, ó gbá bọ́ọ̀lù fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó ní ara òun kò yá, ó jáde. Ẹnì kan ti fi 80,000 dọ́là lé e pé òǹkà rẹ̀ kò ní tó bó ṣe yẹ. Ó gbà ní kóòtù Brooklyn pé òun jẹ̀bi. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, wọ́n mú agbábọ́ọ̀lù NBA mìíràn, Terry Rozier, wọ́n sì fẹ̀sùn kàn án lórí eré kan ní 2023 tó jáde nínú rẹ̀ ní kọ́tà àkọ́kọ́. Rozier ní òun kò jẹ̀bi. Òǹkà agbábọ́ọ̀lù ni ẹjọ́ wọ̀nyí dá lé, kì í ṣe kọ́tà, ṣùgbọ́n ihò kan náà ni: ègé kékeré ni ẹnì kan ṣoṣo lè bàjẹ́ láìjẹ́ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù eré.

Àwọn kan yóò ní àgbàlagbà ló ń ná owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ni eré náà pàápàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé àtẹ náà kù. Láti sáà 2024 sí 2025, àwọn ilé tẹ́tẹ́ Amẹ́ríkà tó ń bá NBA ṣiṣẹ́ kò ta tẹ́tẹ́ "kò ní tó" mọ́ lórí àwọn agbábọ́ọ̀lù tí àdéhùn wọn jẹ́ ti ọjọ́ mẹ́wàá tàbí oní-ẹgbẹ́-méjì. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, líìgì baseball fi 200 dọ́là ṣe òpin tẹ́tẹ́ lórí jíjù kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ṣeé ṣe ni.

Ní Nàìjíríà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ ní ọjọ́ 22, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024 pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni àṣẹ lórí lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́ wà. Èkó, Ọ̀yọ́, Ògùn, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì kò tún ní láti dúró de Abuja. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ ilé tẹ́tẹ́ kọ̀ọ̀kan pé wọn kò gbọdọ̀ ta kọ́tà kankan, kí wọ́n sì ṣe é kí sáà NBA tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kẹwàá.